Ẹ Jẹ́ Kí Kòkòrò Náà Sinmi

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn tí mo fi Kétu sílẹ̀, ẹ wá ibi jókòó sí, nítorí n kì í sọ̀rọ̀ kánkán, mo sì ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń lé sáré. Bí a ṣe dé Sèmè, iye ibi tí wọ́n ti dá wa dúró, ohun tí a sọ fún àwọn tó dá wa dúró àti ohun tí a gbé mì, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yẹn rí ti mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò bá gbà á rí kò pàdánù nǹkan kan.

Máìlì Tú ní Èkó ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni mọ́tò sọ̀ mí kalẹ̀ sí pẹ̀lú àpò kan àti ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi èdè Faransé kọ. Mo rí obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà, mo sì kí i bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti kí ènìyàn. Mo ní ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ọjà, ẹ kú oòrùn, ṣé ara le, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́. Tírélà ń fọn fèrè lẹ́yìn mi, àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń fa àpò mi. Obìnrin náà wò mí títí mo fi parí.

Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ máa ra ẹ̀pà ni?"

Èyí tó kọ́kọ́ bí mi nínú nìyẹn. Ẹ máa fọkàn kà á, nítorí ó pọ̀ níwájú.

Yorùbá ni mí. Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibẹ̀ ni a sì sin bàbá rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá sọ fún ará Festac, ibi tí mo wá ń gbé ní Èkó, pé Kétu ni mo ti wá, yóò ní, "Kétu tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò Ìkòròdú?" Mo máa ní rárá, Kétu gan-an ni, ìlú aládé. Mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí òyìnbó méjì ṣe jókòó tí wọ́n fa ìlà gba ẹ̀yìn oko wa kọjá. N kò ní tíì dé ìdajì tí onítọ̀hún yóò fi ní, "Áà, ẹ̀yin ará Kùtọnu." Ó parí nìyẹn. Kùtọnu ni mo di. Bẹ́ẹ̀ ọmọ ilé ìwé gíga tó ń pè mí ní Kùtọnu yìí, bí mo bá sọ fún un pé márùndínláàádọ́ta, yóò wò mí bí ẹni pé ìgbín sọ̀rọ̀. Fọ́tí-fáìfù ló gbọ́.

Ẹni tó lọ sí ilẹ̀ tí wọn ò ti gbọ́ èdè rẹ̀, àjèjì ni, ó sì mọ̀ pé àjèjì lòun. Èyí tó ń tán sùúrù ni kí o gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, kí àwọn náà gbọ́ ọ, kí wọ́n sì ní o kì í ṣe ara wọn.

Ti àwọn kúlóòsì Festac, àwọn òpópó kékeré tó ní géètì, tún wà níbẹ̀. Ìjọba kọ́ ilé wọ̀nyẹn bí ẹni ń ṣe àdàkọ ìwé. Géètì kan náà, ilé kan náà, ọdẹ aṣọ́lé kan náà tó ń sùn lórí àga kan náà. Ní oṣù àkọ́kọ́, n kò mọ iye ìgbà tí mo ti ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Màmá Dọ̀tun, onílé mi, obìnrin opó tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ní kí n máa so aṣọ pupa mọ́ ọwọ́ géètì kí n lè dá a mọ̀. Yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni mo ń gbé. Iwájú ilé náà ló ti ń ṣe jẹ́lé-ó-sinmi, tí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń kọrin òyìnbó láti òwúrọ̀. Ó ń pè mí ní Bàbá Kétu, òun nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Èkó, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ mú.

*

Iṣẹ́ omi ni iṣẹ́ mi. Mo ti ń yẹ omi wò ní Kùtọnu fún ọdún gbọọrọ kí wọ́n tó ní kí àwa àgbà máa lọ sílé. Ọ̀rẹ́ kan ló júwe láàbù kékeré kan fún mi ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táìlì ilẹ̀ ilé. Wọ́n ń yẹ omi kànga ẹ̀rọ wò níbẹ̀, àti ti àwọn tó ń ṣe píọ̀ wọ́tà, omi inú ọ̀rá, nítorí omi ìjọba ti gbàgbé Festac nígbà yẹn, oníkálukú ń wá omi tirẹ̀.

Ẹni tó ni láàbù náà ò tíì pé ọmọ ogójì ọdún. Yéwándé lorúkọ rẹ̀. Festac ni wọ́n bí i sí, Festac ló ti lọ ilé ìwé, ó kàwé dé ibi tó dára, ó sì fi gbogbo ọdún ìkẹyìn rẹ̀ ní yunifásítì kọ́ nípa ohun tí kòkòrò àìfojúrí ń ṣe nígbà tí ooru bá mú un. Màdáámù ni mo ń pè é. Músíọ̀ ló ń pè mí, bí àwọn Faransé ṣe ń pe ọkùnrin. Ó máa ń sáré jẹun, ó máa ń sáré gbàdúrà. Bó bá ń gun àtẹ̀gùn, a máa fo ìgbésẹ̀. Mo ní, "Màdáámù, ta ló ń lé yín?" Ó ní Èkó ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, kí ohun tó ń bọ̀ lè yé yín. A ó fa omi gba inú awẹ́ funfun kan tó fẹ́lẹ́ bíi bébà. Omi á kọjá, kòkòrò á há. A ó gbé awẹ́ náà lé oúnjẹ pupa nínú abọ́ pẹrẹsẹ tó ní ìdérí, a ó wá gbé abọ́ sínú àpótí olóoru títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Ibi tí kòkòrò kan há sí, ibẹ̀ ni yóò ti pọ̀ títí yóò fi di róbótó kan aláwọ̀ ìyeyè tí ojú lè rí. Ooru àpótí yẹn le. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú un le ni, kí ó jẹ́ pé kòkòrò inú ìfun ènìyàn àti ẹran nìkan ni yóò lè fara dà á. Bí ìyeyè bá yọ, a jẹ́ pé ìgbẹ́ ti kan omi náà. Bí kò bá yọ, omi mọ́.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Kùtọnu máa ń sọ pé kí a má gbé e sínú ooru ńlá lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó ní kí a kọ́kọ́ fi wọ́n sí ibi tó lọ́wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí mẹ́rin. Ó ń pè é ní ìsinmi. N kò bi í léèrè ìdí rẹ̀ rí. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ni mo ń ṣe.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ mi ní Amúwò, Màdáámù fa omi tán, ó sì ti awẹ́ náà sínú ooru tààrà. Mo ní ìsinmi ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní nínú iná tó ń wá tó ń lọ yìí, ta ni yóò máa jó epo jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí mẹ́rin nítorí kí kòkòrò lè sinmi? Ó ní àwa gan-an kì í sinmi.

*

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan wọ́n mú iná lọ, a sọ̀ kalẹ̀ lọ jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà nísàlẹ̀. Mo tún dá ọ̀rọ̀ ìsinmi sílẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó ní òun yóò ṣàlàyé fún mi lẹ́ẹ̀kan kí ọ̀rọ̀ náà lè kúrò nílẹ̀. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́: n kò tíì rí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ náà sọ tó o.

Ó ní, "Músíọ̀, ẹ wo kúlóòsì tó wà lọ́ọ̀ọ́kán yẹn. Ká sọ pé kòkòrò kan ṣoṣo nìyẹn. Ìwé kan wà nínú rẹ̀ tí ìyá tó bí i fi lé e lọ́wọ́, gbogbo ohun tó lè ṣe láyé wà nínú ìwé yẹn. Òǹkàwé kan wà níbẹ̀ tó mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n kò mọ ojú ewé tó yẹ kó ṣí. Ẹni tó ń fi ìka hàn án pé ibí ni kó ti bẹ̀rẹ̀, òun là ń pè ní sígímà."

Ó ní sígímà kò mọ sí ẹyọ kan. Èyí tó jẹ́ àgbà nínú wọn ni ti ojoojúmọ́, òun ló ń na ìka sí ojú ewé jíjẹ, dídàgbà àti bíbí. Ṣùgbọ́n ọ̀kan tún wà tó jẹ́ ti ooru. Ìyẹn kì í rìn fàlàlà. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń bí i, lójoojúmọ́ náà ni àwọn ọdẹ kúlóòsì ń dì í lápá mú, tí wọ́n ń fà á lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ kúnná. Àwọn ọdẹ yìí, iṣẹ́ wọn gan-an ni kí wọ́n máa tún nǹkan inú ilé tó bá wọ́ ṣe. Bí ooru bá wá dé lójijì, gbogbo ohun tí ara kòkòrò náà fi ń ṣiṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, wọ́n á máa lẹ̀ mọ́ra wọn bí aṣọ tútù tí wọ́n kó jọ. Àwọn ọdẹ á sáré lọ síbẹ̀. Ọwọ́ wọn á sì kúrò lápá sígímà ooru. Ooru náà tún máa ń tú ìdì àṣẹ tí wọ́n fi ń bí sígímà yìí, kí wọ́n lè máa bí òmíràn lé òmíràn. Sígímà ooru á sáré tọ òǹkàwé lọ, á ti sígímà ojoojúmọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní pa ojú ewé oúnjẹ dé, ṣí ojú ewé àwọn ọdẹ. Òǹkàwé á kà á, àwọn ọdẹ tuntun á máa jáde, wọ́n á máa tún ilé tò. Nígbà tí wọ́n bá pọ̀ tó, tí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀, wọ́n á bojú wẹ̀yìn, wọ́n á rí sígímà ooru tó ṣì ń pàṣẹ. Wọ́n á tún dì í lápá mú.

Mo ní èyí mà dára o. Ó ní, "Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, Músíọ̀. Ìṣẹ́jú. Kí ni kòkòrò tó lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ gbáradì fún ooru fẹ́ fi wákàtí mẹ́rin ṣe?"

Èyí tó burú nínú kí ènìyàn mọ̀wé nìyẹn, ó lè fi ohun tó jẹ́ òótọ́ dí ẹ lẹ́nu.

*

Ní ọjọ́ Sátidé mo máa ń lọ sí Àgbójú lọ pe ilé. Kò tíì sí fóònù lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Obìnrin kan tó ń ta ìpè fóònù wà lábẹ́ agboòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, òun ni yóò bá mi pe kabíìnì, ilé fóònù tó wà nítòsí ọjà Kétu. Oníkabíìnì yóò ní kí n dúró kí òun rán ènìyàn lọ pe ìyàwó mi. Obìnrin abẹ́ agboòrùn yóò ní kí n má dúró, owó ń lọ. A ó já a. A ó tún un pè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò ti lọ. Nígbà tó bá padà, ìyàwó mi yóò ti dúró títí, yóò ti lọ wo ọbẹ̀ rẹ̀ lórí iná. Ọ̀sán bíi mélòó kan ni mo fi bá oníkabíìnì nìkan sọ̀rọ̀ nípa òjò.

Ní ọjọ́ tí mo bá a, Ìyá Àbíkẹ́ bi mí pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀. Mo ní láìpẹ́, kí ó máa fún ọmọ ní oògùn rẹ̀, kí wọ́n tún òrùlé ẹ̀yìn ṣe, kí ó kí ẹ̀gbọ́n mi, mo ń bọ̀, ó dàbọ̀.

Ó ní, "Bàbá Àbíkẹ́, ẹ ò tiẹ̀ kí mi."

Lóòótọ́ n kò kí i. Mo padà sílé pẹ̀lú ìbínú, mo sì jágbe mọ́ ọlọ́kadà kan tí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo ń ro ọ̀rọ̀ Màdáámù. Ní Kétu, apá mi kò ṣófo rí. Ẹ̀gbọ́n mi dì í mú, àwọn àna mi dì í mú, àgbàlagbà tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà tó mọ bàbá mi dì í mú. Bí mo bá fẹ́ bú ènìyàn, ẹnìkan á pe orúkọ mi láti òkèèrè, màá gbé e mì. Ní Festac, ta ni yóò dì mí lápá mú? Kùtọnu lásán ni mí. Ohun tó wà nínú mi tí wọ́n ń dè mọ́lẹ̀ láti kékeré ti jáde, ó sì ń pàṣẹ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ojú ewé kan ṣoṣo náà ni mo ṣí sílẹ̀. Ìkanra.

Àmọ́ kò burú tán. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni ọkùnrin kan nínú mọ́tò dúró tì mí, ó ń làágùn, ó ní òun ti ń wá kúlóòsì kan láti àárọ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ní ẹ padà sẹ́yìn, ẹ wọ ọwọ́ òsì lẹ́yìn ilé tí wọ́n kùn láwọ̀ ewé, kúlóòsì kejì, ọdẹ ibẹ̀ ní ojú kan. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ó hàn pé ọmọ Festac ni yín." Mo fẹ́ ní rárá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

*

Nígbà tó yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Wọ́n kọ́kọ́ ní eyín ló ń hù. Wọ́n tún ní máńgòrò ni. Nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru náà kò dá, tí wọ́n sì gbé ọmọ kan lọ sí ọsibítù láti fa omi sí i lára, Màmá Dọ̀tun ká mi mọ́ ẹnu ọ̀nà. Píọ̀ wọ́tà Díákónì kan ní Àgbójú ló ń rà fún àwọn ọmọ, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni Díákónì ọ̀hún àti Màdáámù mi ń lọ. Ó ní ṣé kì í ṣe láàbù tiwa ló sọ pé omi náà mọ́.

Mo ní àwa ni.

Ó ní, "Ó mọ́ àbí kò mọ́, Bàbá Kétu? Ọmọ ọlọ́mọ ló wà lọ́wọ́ mi."

Mo mú lára omi náà lọ. Màdáámù fà á, ó tì í sínú ooru, ilẹ̀ mọ́, róbótó kan kò yọ. Ó ní omi mọ́, kí wọ́n wo ọwọ́ àwọn tó ń se oúnjẹ. Ó ní kí n fọwọ́ sí èsì náà pẹ̀lú òun bí a ti ń ṣe. Mo ní n kò ní fọwọ́ sí i.

Ẹ wo bí mo ṣe rí o: mo wà ní ilẹ̀ àjèjì, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn, mo sì kọ̀ jálẹ̀. Màdáámù bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní ṣé ọ̀rọ̀ ìsinmi náà tún ni. Ó ní ṣé òun kò ti ṣàlàyé ni. Ó ní oníbàárà ń dúró, epo ti fẹ́ tán, èmi sì ń bá òun jiyàn lórí àṣà àtijọ́ tí n kò mọ ìdí rẹ̀. Òótọ́ sì ni, n kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo ti lọ sí Àgbójú ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ti rí ibi tí Díákónì ń to omi rẹ̀ sí níta gbangba, tí oòrùn ń fi gbogbo ọjọ́ yan án. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n dà sínú omi náà ń ta sí ènìyàn nímú. Bí mo ti dúró níbẹ̀ ni ó yé mi, látinú àlàyé Màdáámù fúnra rẹ̀.

Mo ní, "Màdáámù, àwọn kòkòrò tí ẹ fi kọ́ṣẹ́ ní yunifásítì, kí ni wọ́n ń jẹ?"

Ó ní omi ẹran, ṣúgà, gbogbo ohun tó dára.

Mo ní, "Àwọn wọ̀nyẹn yó. Ti inú ọ̀rá yìí, ebi ti pa wọ́n, oòrùn ti yan wọ́n, oògùn ti bó wọn lára. Sígímà lè na ìka títí. Bí òǹkàwé bá ń kú lọ ńkọ́? Kí ni wọ́n fẹ́ fi bí ọdẹ? Wọ́n kú sínú àpótí wa, àwa sì ní omi mọ́. Inú ìfun ọmọ kò gbóná tó àpótí wa, oúnjẹ sì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀, wọ́n á sinmi."

Mo rò pé yóò ní kí n kó ẹrù mi. Ó dìde, ó lọ dúró níwájú ìwọ̀n ooru tó kọ́ sára ògiri, ó wò ó pẹ́. Ó wá fi èdè òyìnbó bú ara rẹ̀, ìyẹn yé mi.

Ó ní, "Yàrá yìí fúnra rẹ̀ ti lọ́wọ́ọ́rọ́ tó fún ìsinmi náà. Jẹnẹrétọ̀ wo ni mo ń sọ tẹ́lẹ̀?"

*

Òun ló ṣètò rẹ̀, kì í ṣe èmi. Ó ní bí a bá fẹ́ mọ̀, ká mọ̀ dáadáa. Omi ọ̀rá kan náà la pín sí méjì. Ìdajì lọ sínú ooru tààrà. Ìdajì kejì dúró lórí tábìlì fún wákàtí mẹ́rin kí ó tó bá a lọ sínú àpótí. Ó ní kí ọlọ́ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀, tí kò mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ náà, fi àmì sí abẹ́ àwọn abọ́, kí àwa méjèèjì má bàa mọ èwo ni èwo nígbà tí a bá ń kà á, kí ojú mi má fi ohun tí ọkàn mi ń fẹ́ ṣe ìran. Ó bí mi nínú díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe yẹ kí a ṣe é nìyẹn.

Àwọn wákàtí mẹ́rin yẹn, ẹ má bi mí. Obìnrin tí kì í dúró ni mo bá jókòó. Ó gbá ilẹ̀. Ó tún un gbá. Ó ṣí ìdérí abọ́ kan, mo ní kí ó pa á dé. Ó pe Díákónì lórí fóònù, ó bi í nípa páìpù rẹ̀. Díákónì ní páìpù òun gba inú gọ́tà kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jò, òun sì ti gbàdúrà sí i. Màdáámù gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Músíọ̀, ilẹ̀ yìí máa pa mí." Mo ní èmi tó jẹ́ àlejò ńkọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a ṣí àpótí. Àwọn abọ́ kan pupa lásán, wọ́n mọ́ bí ojú ọmọ tuntun. Àwọn yòókù kún fún ìyeyè, róbótó lórí róbótó, òmíràn ti so mọ́ra. Ọlọ́ṣọ́ọ̀bù gòkè wá, ó yí wọn padà láti wo àmì tó fi sí wọn. Àwọn tó sinmi ni ìyeyè yọ nínú wọn.

Kò sí ẹni tó yọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa, nítorí àwọn tí mo ti sọ ọ́ fún máa ń rò pé mo jó. Gbogbo omi tí a ti ní ó mọ́ láti oṣù wọ̀nyẹn ló ń kọjá lójú mi. Díákónì pè, ó ní kí a dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà títí òun yóò fi tún páìpù ṣe, pé ara kan náà ni wá nínú Olúwa. Màdáámù ní bẹ́ẹ̀ ni, ara kan náà ni wá, òun ń lọ sọ fún àwọn tó ń mu ún báyìí. Díákónì gbé omi rẹ̀ lọ sí láàbù mìíràn ní ọ̀sẹ̀ yẹn, a kò sì rí i mọ́.

Mo wọ bàtà mi pé kí n lọ bá Màmá Dọ̀tun. Màdáámù ní kí n jókòó.

Ó ní, "Èmi ni mo ní ó mọ́. Èmi ni mo máa lọ sọ ọ́."

A jọ lọ ṣá. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ funfun láàbù lọ́rùn rẹ̀, ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí, kò fi òyìnbó bò ó mọ́lẹ̀. Màmá Dọ̀tun gbọ́ ọ tán. Kò sọ fún un pé kí ó dìde. Èmi ló kọjú sí. Ó ní èmi Kùtọnu yìí, àti ọjọ́ tí mo ti ń gbé ẹ̀yìnkùlé òun tí mo mọ̀ pé láàbù wa kì í fún kòkòrò ní ìsinmi, ṣé ẹnu mi wú ni? Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó pè mí bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ó wá fa Màdáámù lọ́wọ́ dìde, ó ní ọmọ tó wà ní ọsibítù ti ń jẹun, kí àwọn má jókòó máa ṣọ̀fọ̀.

A gbé gbogbo ọ̀rá omi náà jáde, a ń fi eyín já a, a ń dà á sí ẹ̀yìn ilé. Màdáámù já tirẹ̀ bí ẹni ń jà. Lẹ́yìn ìyẹn, Màmá Dọ̀tun gbé ìkòkò omi kànga ka iná, ó hó títí, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Oòrùn ti mú. Òùngbẹ ń gbẹ àwọn ọmọ, wọ́n ti jókòó yí ìkòkò ká pẹ̀lú ife wọn lọ́wọ́, wọ́n ń kùn. Màdáámù mú abẹ̀bẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ. Ó ń wo aago. Ó tún ń fẹ́ ẹ.

Ọmọbìnrin kan fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ ìkòkò náà, ó fà á padà.

Ó ní, "Àǹtí, ó ti tutù?"

Màdáámù ní, "Kò tíì tutù. Jókòó."